Òṣùwọ̀n Kejì Tí Ó Yẹ Oníṣòwò Irin Àlòkù

Bí ẹni tí ń ra irin àlòkù, tí àwọn Hausa ń pè ní Baban Bola, bá wọ Tayi Village ní Minna, olú ìlú ìpínlẹ̀ Niger, ìwúwo irin nìkan ni yóò wọ̀n. Kò sí ohun tí yóò sọ fún un bí ẹrù rẹ̀ bá ń tú ìtànṣán olóró jáde.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, wọ́n jí ohun èlò àwọn awapo kan tí ń tú nútírọ́ọ̀nù jáde, láàrin Warri àti Port Harcourt. Jámánì ni wọ́n ti rí i ní ọdún 2003, nínú irin àlòkù. Ọwọ́ ènìyàn mélòó ni ó ti kọjá kí ó tó dé ibẹ̀? Irú èròjà kan náà wà nínú ẹ̀rọ tí àwọn tí ń ṣe títì fi ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ibi tí epo wà.

Nútírọ́ọ̀nù yàtọ̀ sí ìtànṣán X-ray. Kò ní iná mànàmáná lára, ó sì máa ń gba inú òjé kọjá. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè kà á fúnra rẹ̀. Àwọn ègé tí ó ní iná lára, tí nútírọ́ọ̀nù ta jáde nínú ohun tí ó bá kọlù, ni à ń kà. Báyìí ni James Chadwick ṣe dá a mọ̀ ní ọdún 1932, nígbà tí ó rí i pé pírótọ́ọ̀nù ń ta jáde lára ọ̀rá tí a fi ń ṣe àbẹ́là. Ara ènìyàn kò sàn ju ọ̀rá náà lọ. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pírótọ́ọ̀nù tí ó bá sì ta nù níbẹ̀ a máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, èyí tí ó lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ohun tí ó burú ni pé àwọn báàjì kan tí òṣìṣẹ́ ń so mọ́ àyà kì í ka nútírọ́ọ̀nù rárá. Bẹ́ẹ̀ ike CR-39, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe awò ojú, lè kà á. Pírótọ́ọ̀nù a ha ike náà lára. Wọ́n a rì í sínú omi sódà gbígbóná kí ojú àpá náà lè fẹ̀, wọ́n a sì kà wọ́n lábẹ́ maikirosikóòpù.

Àjọ NNRA, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001, ni ó ń fún àwọn tí ń lo irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ dára, ṣùgbọ́n kì í ka ìtànṣán. Ó yẹ kí àjọ náà fi dandan lé báàjì tí ń ka nútírọ́ọ̀nù fún gbogbo òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ìjọba sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń kó irin àlòkù jọ. Owó ẹ̀rọ náà kò kéré, òótọ́ ni. Federal University of Technology tí ó wà ní Minna láti ọdún 1983 lè kọ́ àwọn tí yóò máa lò ó.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó bá rí àpótí irin tí abẹ̀bẹ̀ dúdú mẹ́ta wà lára àmì yẹ́lò rẹ̀, kí ó má ṣe ṣí i, kí ó má sì gbé e sórí sìkéèlì. Kí ó jìnnà sí i, kí ó lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ó sì pe ọlọ́pàá.