Ẹ Ka Epo Wa, Ẹ Ò Ka Ọmọ Wa

Ìjọba àpapọ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ tó fi Igbókòdá ṣe ibùjókòó ni mo pè lẹ́jọ́. Ẹjọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, láti Òde Ugbò títí dé Awóyè létí òkun. Mi ò bá yín jà lórí ohun tí agbára yín kò ká. Èyí tó wà níkàáwọ́ yín tí ẹ ò ṣe ni mo ń wí.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ ò mọ iye àwọn ọmọ wa. Ìkànìyàn ọdún 2006 ni ẹ ṣì ń tọ́ka sí, èyí tó sọ pé ènìyàn 290,615 ló wà ní gbogbo Ìlàjẹ. Ọmọ tí a bí lọ́dún náà ti tó ẹni tó lè bí ọmọ tirẹ̀. Èyí tí ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe ní 2023, ẹ sún un síwájú.

Ẹ lè ní rẹ́jísítà ilé ìwé ń bẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, orúkọ ọmọ kan wà níbẹ̀, àmì wíwá sì tò gbọọrọ níwájú rẹ̀. Tí ẹja bá ti sún lọ, tí bàbá bá kó aya àtọmọ lọ sí àgọ́ ìpẹja, àìwá ló máa kún orí ìlà yẹn, títí tíṣà yóò fi gbé rúlà tí yóò fa ìlà pa orúkọ náà. Ọmọ ọ̀hún kò kú, kò sì kọ ilé ìwé sílẹ̀. Ó wà lágọ̀ọ́ níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ yan ẹja. Àmọ́ nínú ìwé yín, ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ láti 1989 ni òfin ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn alárìnkiri, apẹja tó ń ṣí kiri sì wà lára àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn. Káàdì kan tí ọmọ Ugbò lè mú dé àgọ́ yòówù, kí tíṣà ibẹ̀ lè gbà á láti ibi tó bá ẹ̀kọ́ dé, ṣé ìyẹn náà le jù?

Ohun tí àwọn ọmọ náà mọ̀ pàápàá, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìwádìí tí ìjọba àti UNICEF jọ ṣe ní 2021 fi hàn pé nínú ọmọ 4 tó wà láàrin ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 1 péré ló ní ìpìlẹ̀ ìwé kíkà. Ìpínlẹ̀ ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń dúró lé, kì í sọ̀ kalẹ̀ dé ìjọba ìbílẹ̀. Máàkì ọmọ Àkúrẹ́ ni yóò bo tọmọ etí òkun mọ́lẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì: tíṣà. Ìlànà yín ló ní kí tíṣà kan má kọ́ ju ọmọ 35 lọ. Ta ni yóò dúró kọ́ wọn? Ní October 5, 2020, Ààrẹ Buhari ṣèlérí àkànṣe owó oṣù àti àjẹmọ́nú fún tíṣà ìgbèríko. Nínú ohun tó ṣèlérí lọ́jọ́ náà, ti ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì di òfin ní 2022, ọdún 65 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ti àjẹmọ́nú ni a ò rí. Ẹ rán ọmọlọ́mọ lọ sórí omi láìsí ilé, lágbègbè tó ti lo ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ lókùnkùn, owó ọkọ̀ ojú omi sì ń jẹ owó oṣù rẹ̀. Tó bá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó tún wọkọ̀ padà lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán an ni mo dá lẹ́bi kí n tó dá òun.

Ẹ̀sùn kẹta: owó. Epo etí òkun wa ló fi Oǹdó sára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gba ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo. Láti 2001 ni OSOPADEC, àjọ ìpínlẹ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè epo, sì ti wà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn ló sì yẹ kó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ mọ iye àgbá epo tó ń jáde. Kí ló dé tí òbí kan ní Òde Ugbò kò lè mọ iye tó dé ilé ìwé ọmọ rẹ̀?

Ti òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wa kò nílò àlàyé púpọ̀. Àwọn tó tẹ Ayétòrò dó létí òkun Ìlàjẹ ní 1947 fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé ìwé. Ní 2004, NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún wọn. Iṣẹ́ kò rí ojútùú, òkun sì ń gba ilẹ̀ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni òfin UBE ọdún 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ó ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́. Ó tún ní òbí tí kò bá fi ọmọ sílé ìwé lẹ́yìn ìkìlọ̀ yóò san ìtanràn 2,000 náírà tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ìyá tó ń ta edé, tó ń san owó ọkọ̀ kí ọmọ tó dé ilé ìwé tí kò ní tíṣà, òun ni òfin ti pèsè ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ dè. Ẹni tí kò rán tíṣà wá ńkọ́?

Ohun tí mo ń bèèrè kò ju èyí lọ: kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, ẹ lẹ iye ọmọ, iye tíṣà àti iye owó tó wọlé mọ́ ara ògiri gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti Òde Ugbò dé Awóyè. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó kà á sí abẹ́ rẹ̀.