Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìbìkítà: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ADHD lára àgbàlagbà

Ẹ wo obìnrin kan tó ń gbé ní Madina, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ridge, nílùú Accra. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ti jí. Ó gbé omi kaná kó lè ro ẹ̀kọ fún ọmọ, ló bá rántí pé òun kò tíì san owó iléèwé. Ó mú fóònù láti fi MoMo san án, àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti Ìlọrin ló kọ́kọ́ rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì. Kó tó gbé ojú sókè, omi ti gbẹ nínú ìkòkò. Nígbà tó máa fi wọ trotro, owó iléèwé kò tíì lọ, aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀ lọ́la ṣì wà nínú omi láti àná, kọ́kọ́rọ́ ilé kò sì sí nínú báàgì. Ọ̀gá ń dúró de ìwé tó yẹ kó ti parí láti ọjọ́ Ẹtì.

Obìnrin yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Mo kó o jọ láti inú irú ọ̀rọ̀ tí àwa dókítà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá rí wa. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́. Tí ìṣòro ńlá bá délẹ̀ ní ọ́fíìsì, òun ni wọ́n máa ń pè. Iṣẹ́ kékeré tó rọrùn, tó sì máa ń súni, ni kì í parí. Ọkọ ní kò bìkítà. Ìyá ọkọ ní bóyá wọ́n ń ṣe é láti ilé. Òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà láti kékeré pé ọ̀lẹ ni òun.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ADHD ló ń bá a fínra.

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òbí lẹ ti gbọ́ orúkọ yìí, àmọ́ ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì ni wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ rẹ̀. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e dàgbà. Bí a bá kó 100 àgbàlagbà jọ, ó tó ẹni 2 sí 3 nínú wọn tó ní in. Ìsáré-sókè-sódò ọmọdé lè rọlẹ̀, kó wá di ọkàn tí kì í sinmi, ìgbàgbé, fífi ìwàǹwára sọ̀rọ̀ tàbí náwó, àti kí èèyàn máa bẹ̀rẹ̀ nǹkan mẹ́wàá láì parí ọ̀kan.

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni, pé fóònù ló kó o dé. Dókítà ará Scotland kan, Alexander Crichton, ti kọ̀wé nípa àwọn tí ọkàn wọn kì í dúró lórí nǹkan kan ní 1798. George Still sọ ti àwọn ọmọdé fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ní 1902. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí gan-an, bíi gíga tàbí àwọ̀ ara. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń sọ ti ọmọ fún àwọn òbí kan ni bàbá tàbí ìyá á wo ara rẹ̀, tí á ní, “Dókítà, bí èmi náà ṣe rí nìyẹn.”

Ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ ni apá iwájú ọpọlọ àti àwọn ọ̀nà tó so ó mọ́ àwọn apá ọpọlọ yòókù. Apá yìí ló ń bá wa ṣètò, tó ń rán wa létí, tó ń sọ pé “dúró ná” kí ẹnu tó sọ̀rọ̀. Àwọn èròjà bíi dopamine àti noradrenaline ló ń gbé iṣẹ́ jẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì lọ déédéé lára ẹni tó ní ADHD. Ohun tó bá dùn mọ́ ọn, tó jẹ́ tuntun, tàbí tí ewu rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, yóò gbé ọpọlọ náà dìde. Èyí tí kò ní adùn kò ní lè gbé e. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ pé “Ṣebí o lè wo fíìmù fún wákàtí mẹ́ta.” Ẹni náà lè wò ó lóòótọ́. Kò sí ẹni tó sọ pé kò ní àkíyèsí rárá. Ìjánu àkíyèsí náà ni kì í fìgbà gbogbo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìdà kejì, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbàgbé nǹkan ló ní ADHD. Ẹni tó ń kúrò nílé ní Kasoa láago mẹ́rin ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tó ń padà dé láago mẹ́sàn-án alẹ́, oorun ló ń pa á. Ìyá tó ń tọ́ ọmọ oṣù mẹ́ta náà ńkọ́? Àìtó ẹ̀jẹ̀, àìsàn thyroid tó wà lọ́rùn, híhanrun tí èémí ń dá dúró lójú oorun, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn àṣejù, gbogbo wọn ló lè jọ ọ́. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ìwọ̀nyí wò. Yóò tún béèrè bóyá nǹkan náà ti wà kí ẹ tó pé ọmọ ọdún 12, bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ nílé àti níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àti bóyá ó ń ba ìgbé ayé yín jẹ́ lóòótọ́. Ìbéèrè mẹ́fà kan wà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, lọ́wọ́ sí fún àgbàlagbà, tó wà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè dáhùn rẹ̀, àmọ́ ó kàn ń sọ pé kí ẹ lọ rí dókítà ni. Kò lè sọ pé ẹ ní in.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ká mi lára jù. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí kò pariwo, tó kàn ń wo ojú fèrèsé, kò sí tíṣà tó máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Yóò gbìyànjú, yóò fi òru kàwé, yóò yege. Ìgbà tó bá di ìyàwó ilé, tó di ìyá, tó tún ń ṣiṣẹ́ oṣù, ni gbogbo ohun tó ń fi ipá gbé dúró máa wó lulẹ̀. Àwùjọ wa sì ti pinnu pé obìnrin ló gbọ́dọ̀ rántí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ ìbí, ohun tó tán nínú ilé ìdáná, àti ibi tí ọkọ fi fìlà sí.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má gbé nǹkan kan sórí mọ́. Ẹ wo iṣẹ́ àwọn tó ń gba susu kiri ọjà Makola, tó jọ ti àwọn alájọ wa. Oníṣòwò kò ní láti rántí pé òun fẹ́ fowó pamọ́. Ẹnì kan yóò wá sídìí àtẹ rẹ̀ lójoojúmọ́, yóò gba owó díẹ̀, yóò sì sàmì sínú káàdì. Fún ọpọlọ tó ní ADHD, kò sí ètò tó dára ju ìyẹn lọ: ó kéré, ojoojúmọ́ ni, ó ní àkókò, ojú èèyàn sì wà níbẹ̀. Ẹ fi irú ètò bẹ́ẹ̀ yí gbogbo ìgbé ayé yín ká. Kọ́kọ́rọ́ ilé, ibì kan ṣoṣo, lára ìṣó ẹnu ọ̀nà. Kí owó iléèwé kúrò nínú àpò yín lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé, kí ó má dúró di ọjọ́ kejì. Ìyá oníṣòwò ní New Town, tí wọ́n ń pè ní Lagos Town láyé àtijọ́, tó ń ta àwìn tí kì í rántí ẹni tó jẹ ẹ́, kó so ìwé kékeré àti bírò mọ́ àtẹ, kó sì kọ gbèsè náà kí oníbàárà tó gbé ọjà. Iṣẹ́ tí ẹ ń sá fún, ẹ pe ẹnì kan kó wá jókòó tì yín. Kò ní láti ràn yín lọ́wọ́, kó ṣáà jókòó.

Fún ẹ̀yin ọkọ tàbí aya, ẹ má sọ ara yín di ọlọ́pàá ilé. Ìgbéyàwó kì í dùn mọ́ tí ẹnì kan bá ti di ọ̀gá, tí èkejì di ọmọ iléèwé. Ẹ jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bóyá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú kàlẹ́ńdà lórí tábìlì, kí ẹ pín iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí agbára oníkálukú. Tí ìyàwó bá mọ oúnjẹ sè ṣùgbọ́n tí owó iná máa ń bọ́ sọnù lórí rẹ̀, kí ọkọ gba ti iná. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọ, torí ọ̀kan nínú wọn lè ní irú rẹ̀, ó sì ń gbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in náà, ẹ gbọ́ tèmi: orúkọ àìsàn kò pa ẹ̀tọ́ rẹ́. Tí ẹ bá gbàgbé ọmọ síléèwé, ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ sì tún ètò náà ṣe.

Ní ti àwọn agbanisíṣẹ́, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ dípò kí ẹ máa fi ẹnu sọ ọ́ lórí ìrìn. Ẹ pín iṣẹ́ oṣù kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa béèrè rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Oògùn wà. Methylphenidate, tí wọ́n ti ṣe láti 1944, ni wọ́n mọ̀ jù, atomoxetine náà wà. Wọ́n ń ran ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n lè mú kí ọkàn máa sáré, kí ìfúnpá sì lọ sókè, nítorí náà ẹ ní láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà. Ẹ má ra oògùn yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́lẹ̀, ẹ má sì fi tramadol tàbí ohun mímu afúnilágbára rọ́pò rẹ̀. Ní 2019 àti 2021, wọ́n gbé methylphenidate wá síwájú WHO kó lè wọ àkójọ oògùn kòṣeémánìí, àjọ náà kò sì gbà á wọlé. Lójú tèmi, irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ máa ń dun orílẹ̀-èdè bíi Ghana àti Nàìjíríà ju àwọn olówó lọ, torí àkójọ náà ni ọ̀pọ̀ ìjọba ń wò kí wọ́n tó ra oògùn. Ìtọ́jú tó dá lórí ọ̀rọ̀ sísọ àti ètò ṣíṣe náà ń ṣiṣẹ́, pàápàá tí a bá fi kún oògùn.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn ní Accra ni kí ẹnì kan má rí wọn níwájú ilé ìwòsàn ọpọlọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ilé ìwòsàn tó wà níbẹ̀ láti 1906 ló fún àdúgbò Asylum Down lórúkọ, orúkọ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn awakọ̀. Àmọ́ òfin ìlera ọpọlọ ti 2012 ní Ghana fẹ́ kí ìtọ́jú yìí wọ inú àwọn ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà tí ẹ máa ń lọ bá fún ibà, kó kọ̀wé fún yín lọ sí ẹ̀ka ọpọlọ ní Korle Bu, Pantang, tàbí Accra Psychiatric Hospital.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì èsì ìdánwò iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dání bí ó bá ṣì wà, pàápàá ibi tí tíṣà kọ̀wé sí nísàlẹ̀. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta tó ń dà yín láàmú jù sórí ìwé, nítorí ẹ máa gbàgbé wọn tí ẹ bá ti jókòó. Tí ìyá yín bá wà ní Ìlọrin tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ sọ fún un kó má jìnnà sí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Dókítà máa fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe rí nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún méje.