Ìkànnì Tí Àáfà Yóò Ṣe: Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀rọ̀ Ṣíwájú Ọ̀ṣọ́

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀wò ni ti ìkànnì kékeré tí olùkọ́ lè ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí yóò máa kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí. Púpọ̀ nínú wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ń bèèrè irú èyí tí ó yẹ kí á ṣe. Èrò tèmi ni pé ojú-ewé tí ó rọrùn jù lọ ni ó yẹ wá, èyí tí ọ̀rọ̀ ṣíwájú ọ̀ṣọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tí ojú mi rí ni ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní kí ẹnìkan bá mi ṣe ìkànnì. Ó ṣe é, ó sì dùn ún wò: àwòrán mọ́sálásí ń yí lókè, òdòdó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kó àlàyé mi lórí ogún pínpín sí i, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà. Àmọ́ nígbà tí ọmọ kéwú mi kan ní Modákẹ́kẹ́ fẹ́ kà á lórí fóònù, dátà rẹ̀ tán kí ojú-ewé àkọ́kọ́ tó ṣí tán. Nígbà tí ọdún yípo tí mo gbàgbé láti san owó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pòórá. N kò ní ẹ̀dà kankan nílé, nítorí inú ìkànnì náà gan-an ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. N kò dá ẹni tí ó ṣe é lẹ́bi. Èmi ni n kò bèèrè ohun tí ó yẹ kí n bèèrè.

Èkíní tí à bá bèèrè ni ohun tí a ó fi kọ ọ́. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Switzerland, ni ó gbé ètò yìí kalẹ̀. Ó tú u síta fún aráyé ní ọdún 1991, nígbà tí ó sì di 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn. HTML ni orúkọ àwọn àmì tí a fi ń kọ ọ́. Kò ju kí á fi àmì sí ibi tí àkọlé wà, ibi tí ìpínrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ẹni tí ó mọ ibi tí fatha àti kasra ń jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ yóò tètè mọ́ ọn. Ojú-ewé tí wọ́n fi HTML lásán kọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ṣì ń ṣí lórí fóònù òní. WordPress, tí ó jáde ní 2003, dára fún ibi tí ènìyàn púpọ̀ ti ń kọ̀wé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àtúnṣe nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè íńtánẹ́ẹ̀tì lè wọlé. Àáfà tí ó ń kọ ẹ̀kọ́ kan lóṣù kò nílò ọkọ̀ akẹ́rù láti fi lọ ra ata lọ́jà.

Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ náà. Ẹ̀kọ́ tí ó gùn tó ọ̀rọ̀ mi yìí kò tó kilobáìtì 10. Fọ́tò kan tí a fi fóònù yà lè tó megabáìtì 3, ìyẹn ju 300 irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni èdè. Àwa ń kọ Lárúbáwá àti Yorùbá pọ̀. Láti ọdún 1997 ni àṣẹ dir="rtl" ti wà nínú HTML, èyí tí ó ń sọ fún fóònù pé láti ọ̀tún ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ Lárúbáwá, àmì ìdánudúró tí ó yẹ kí ó wà ní òsì, ní òpin gbólóhùn, yóò sá lọ sí ọ̀tún. Kí á sì kọ UTF-8 sí orí ojú-ewé, kí àmì Yorùbá má baà dàrú, nítorí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ má ya fọ́tò ìwé kí ẹ gbé e síbẹ̀ dípò ọ̀rọ̀. Kì í rọrùn láti wá ọ̀rọ̀ kan rí nínú àwòrán.

Ẹ̀kẹta ni títò ojú-ewé. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí a kà, matn wà láàrin, àlàyé rẹ̀ yí i ká létí ìwé. Ìwé fẹ̀, ó gbà á. Fóònù kò ní etí tí ó fẹ̀. Nítorí náà, kí ohun gbogbo wà ní òpó kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀: matn lókè, àlàyé rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kí lẹ́tà Lárúbáwá tóbi díẹ̀ ju ti Yorùbá lọ, kí àlàfo sì wà láàrin ìlà, kí damma ìlà kan má baà kan kasra ìlà tí ó wà lókè rẹ̀. Àwọn adàwékọ àtijọ́ a máa kọ ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ojú-ewé tí ó kàn sí ìsàlẹ̀, kí abala ìwé má baà dàrú. Kí àwa náà fi orúkọ ẹ̀kọ́ tí ó kàn sí ìsàlẹ̀, kí olùkà tẹ̀ ẹ́, kí ó sì débẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kò ní wo ohun tí kò ní ọ̀ṣọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wàláà kò ní òdòdó lára, òun sì ni gbogbo wa fi mọ Kéwú. Lẹ́tà tí ó hàn ketekete àti àwọ̀ tí kò dun ojú, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Bí a bá ní ohùn tí a gbà sílẹ̀, kí á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí olùkà fúnra rẹ̀ pinnu bóyá dátà òun gbé e.

Paríparì rẹ̀, ẹ má fi gbogbo ẹrù yín sí ilé onílé láì ní ẹ̀dà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó ṣe ojú-ewé ọ̀fẹ́ sí GeoCities láyé ọjọ́un. Ní oṣù October 2009, Yahoo tí ó ni ín ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ sì bá a lọ.

Èmi ti tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé ogún pínpín láti ìbẹ̀rẹ̀. HTML lásán ni mo ń fi kọ ọ́, ẹ̀dà kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi, òmíràn wà lọ́wọ́ ọmọ mi àgbà. Mo ti dé orí ìpín ìyàwó àti ọkọ, ọmọ kéwú mi ní Modákẹ́kẹ́ sì ti kà á lórí fóònù rẹ̀ kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú yín, kí ó kọ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ná, kí ó sì fi fóònù tí kò lówó lórí jù lọ nínú kíláàsì rẹ̀ dán an wò.