Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Apẹja Youpwè Lórí Ẹ̀ńjìnnì Tó Ti Gbó àti Gbèsè Tí Kò Tán

Sí Bàbá wa, Olóyè Olórí Àwùjọ Yorùbá ní Douala, àti gbogbo àgbà ìgbìmọ̀,
New-Bell, Douala,
Cameroon.

Bàbá,

Àwa ọmọ yín tí a ń pẹja ní Youpwè dọ̀bálẹ̀, àwọn ìyàwó wa tí ń yan ẹja kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ìwé la kọ ránṣẹ́. Ọjọ́ tí gbogbo wa lè wà ní èbúté lẹ́ẹ̀kan náà ṣọ̀wọ́n, bí àwọn díẹ̀ nínú wa bá sì dá wá, ẹni tí a fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn yóò ní ọlọ̀tẹ̀ mẹ́ta kan ló ń da ìlú rú. Ìdí nìyí tí a fi ní kí akọ̀wé wa kọ ọ́, kí olúkúlùkù sì tẹ ìka sí i.

A kò tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Ẹ̀ńjìnnì tí a fi ń lọ òkun ti gbó kọjá àtúnṣe. Ẹni tó fi í fún wa láwìn ní gbèsè òun kò tíì tán, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí a lọ gba òmíràn níbòmíràn. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ pè é, kí ẹ pe àwa náà, kí a ṣírò owó yìí lójú yín.

A kò dárúkọ rẹ̀ síbí, torí ìwé a máa bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àga iwájú ló ń jókòó sí nígbà tí a bá ṣe ìpàdé ọdún, a sì mọ iye tó máa ń dá fún àwùjọ. Ká má purọ́, ohun tó dí wa lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ pé bóyá kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Bàbá, ẹ ti pẹ́ ní Douala jù wá lọ, ṣùgbọ́n ọjà lẹ mọ̀, omi ni tiwa, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí àwìn yìí ṣe ń rìn. Ẹ̀ńjìnnì tuntun kì í ṣe ohun tí atukọ̀ kan lè fi èrè oṣù díẹ̀ rà. Báńkì kò ní wo ojú ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀, tí carte de séjour, ìwé ìgbélùú rẹ̀, ti fẹ́ẹ̀ parí. Ẹni tó ń ra ẹja nìkan ló kù. Òun á ra ẹ̀ńjìnnì, á dè é mọ́ ìdí ọkọ̀ wa, láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹja tí a bá kó dé èbúté, tirẹ̀ ni, iye tó bá sì dá lé e la ó gbà. Yóò gba díẹ̀ nínú owó náà padà fún ẹ̀ńjìnnì, yóò gba díẹ̀ fún epo tó fún wa nígbà tí a ń jáde, èyí tó bá ṣẹ́kù la ó pín. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, oore ni lójú wa. A jó, a súre fún un. A kò ní sẹ́ oore yẹn lónìí.

Ṣùgbọ́n ìwé gbèsè kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà. Bí púlọ́ọ̀gì bá bàjẹ́, tó rà á, ó kọ ọ́ sí i. Bí òjò bá dá wa dúró, tí a yá owó oúnjẹ, ó kọ ọ́ sí i. Apẹ̀rẹ̀ tó fi ń wọn ẹja, tirẹ̀ ni. Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ kan ní èbúté tuntun tí ìjọba Japan fi owó ìrànlọ́wọ́ kọ́ sí Youpwè: apẹ̀rẹ̀ yòókù tí bọnga bá kún dé ẹnu, ó kún náà nìyẹn. Ti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ mì í, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹja mọ́lẹ̀, wọ́n á tún da òmíràn lé e lórí títí ìrù ẹja á fi máa yọ létí apẹ̀rẹ̀, wọn á wá pe gbogbo rẹ̀ ní ẹyọ kan. Oníbàárà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń san ju iye tirẹ̀ lọ fún apẹ̀rẹ̀ tó kéré. Àwọn ìyàwó wa tó ń yan ẹja kì í rí èyí tó dára rà mọ́, ẹja ọkọ wọn ni wọ́n ń lọ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ẹ̀ńjìnnì náà ṣe rí, kí ẹni tó bá wá sọ pé àìtọ́jú ló bà á jẹ́ má baà rí yín tàn. Yamaha agbára ẹṣin 40 ni, irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, lítà 1 sí lítà 50, tí apẹja láti Èkó títí dé Limbe mọ̀ dáadáa. Omi ni irú ẹ̀ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fi ń tu ara rẹ̀ lára: á fà á wọlé nísàlẹ̀, á sì tu ú síta lẹ́yìn bí ìtọ̀ ọmọdé. Tiwa kò tu mọ́, ńṣe ló ń kán. Iyọ̀ ti dí ọ̀nà inú rẹ̀, ẹrẹ̀ etí igi ẹ̀gbà àti ọ̀rá tí Douala ń dà sí odò Wouri sì ti jẹ rọ́bà tó ń fa omi náà tán. Ọ́ìlì jíà rẹ̀ ti funfun, èyí ni pé omi ti ń wọ ìdí rẹ̀. Tó bá gbóná, agbára rẹ̀ a lọ sílẹ̀, ọkọ̀ tó ru ẹja kò sì ní lè dojú kọ ìṣàn omi. Láàárọ̀, ọmọkùnrin mẹ́ta ló ń gbara wọn níbi fífa okùn kó tó jí. A ti pààrọ̀ píìsítìn, a ti pààrọ̀ ríìngì, a ti jó ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sán. Mẹkáníìkì wa ní Youpwè, ẹni tí kì í kọ owó, ti sọ lójú gbogbo wa pé òun kò ní gba owó kankan lórí rẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan lè ní kí a máa pẹja nítòsí nígbà náà, kí a má jìnnà. Ìbá wù wá. Láti ọdún 1994 tí Cameroon ti ṣe òfin lórí igbó, ẹran ìgbẹ́ àti ẹja pípa ni kò ti gba ọkọ̀ ńlá láyè láti fa àwọ̀n láàárín máìlì òkun 3 sí etíkun, kí ibẹ̀ lè jẹ́ ti àwa ọlọ́kọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ńlá náà ń wọ ibẹ̀ lóru, wọ́n sì ń fa àwọ̀n wa ya lọ. Lọ́jọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún Cameroon ní káàdì pupa, tí wọn kò gba ẹja rẹ̀ mọ́, nítorí pé ìjọba rẹ̀ kò mójú tó àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi àsíá rẹ̀ rìn. Ẹjọ́ ọkọ̀ ńlá kọjá agbára wa, a kò gbé e wá. A kàn fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí a fi ń kọjá Manoka, tí a ń kọjá Cap Cameroun, tí a ń bọ́ sí gbangba òkun pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì tí kò yẹ kó kúrò nínú odò.

Nígbà òjò tó kọjá, ẹ̀yìn Cap Cameroun ni ẹ̀ńjìnnì náà kú sí. Ẹ̀yin náà mọ òjò Douala láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, bí ó ṣe máa ń rọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. A fa okùn títí ó fi já. A yọ púlọ́ọ̀gì, a nù ún, a dá a padà, ibi tó wà náà ló wà. Ìṣàn omi wá ń gbé wa lọ sí apá Bioko, tí í ṣe ti Equatorial Guinea, tí kò tó 50 kìlómítà sí etíkun Cameroon. Apẹja kò ní ìwé ibẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni ń dúró de ẹni tí omi bá gbé débẹ̀. A gé àwọ̀n sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, a ń fi ike gbọ́n omi. Àwọn apẹja kan tó jẹ́ ọmọ Akwa Ibom ló rí wa nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n so okùn mọ́ wa, wọ́n fà wá wálé. Nígbà tí a dé, ẹni tí à ń wí yìí kí wa kú ewu. Lọ́jọ́ kejì ó kọ owó àwọ̀n tó sọnù mọ́ gbèsè.

Bàbá, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yọ wá lẹ́nu nìyẹn. Àwọ̀n náà, èyí tí a fi owó wa rà ni.

Epo pẹ̀lú ń fìyà jẹ wá, ẹ̀ńjìnnì tó gbó sì máa ń mu epo gan-an. Nígbà kan rí, epo tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní funge, la fi ń gbé ara wa nílẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ, funge kò rọjú mọ́. Epo ilé epo ní Cameroon náà kúrò ní 630 fàráǹkì lítà kan, ó di 730 nínú oṣù kejì ọdún 2023, ó tún di 840 nínú oṣù kejì ọdún 2024. Ohun tí ẹ̀ńjìnnì tuntun ìbá fi lọ tó fi bọ̀, tiwa ń mu ún tán kó tó dé ibi tí ẹja wà. Àwìn la sì ń gba epo náà lọ́wọ́ ẹni kan náà. Ẹ wá rí i pé bí ẹ̀ńjìnnì bá ṣe ń burú sí i tó ni gbèsè ń wú sí i tó. Kò sí ohun tó lè mú un kánjú ra tuntun fún wa.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. Ẹ bá wa sọ pé kí ó mú ìwé rẹ̀ wá, kí ẹnì kan tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà kà á sókè níwájú gbogbo wa, kí a yọ owó àwọ̀n àti owó ohun tí a ti san tẹ́lẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí gbèsè bá ṣì kù lọ́rùn wa, a ó san án. Kí ó wá jẹ́ kí a máa ta ẹja ní iye ọjọ́ náà ní Youpwè, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tí gbogbo èbúté ń lò, kí a sì máa gé iye kan pàtó fún un níbẹ̀ títí yóò fi tán. Kí ó gba ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ padà, kí ó tà á fún àwọn tó ń tú u wẹ́wẹ́. Kí ó má sì máa lọ halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀ńjìnnì pé kí wọ́n má tà fún wa.

Nípa ẹ̀ńjìnnì tuntun, a ti ń dá àjọ tí wọ́n ń pè ní njangi láàárín ara wa, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibí ṣe ń dá a, kò sì sí ẹni tó tíì jẹ gbèsè rẹ̀. Kò tíì tó. Bí ẹ̀yin àgbà bá lè dúró bí onígbọ̀wọ́ fún wa lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀ńjìnnì, a ó fi èyí tí a ti kó jọ sílẹ̀, a ó sì máa san ìyókù bí ẹja ṣe ń wọlé. A kò béèrè èyí ìgbàlódé tí kì í lo epo àpòpọ̀. Òtítọ́ ni pé kì í mu epo púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo fún ọkọ̀ wa, ó sì wọ́n, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì èbúté kò mọ inú rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́ ní Manoka, ta ni yóò jí i? Agbára ẹṣin 40 bíi ti tẹ́lẹ̀ ló tó wa. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọkọ̀ tó ń kọjá Cap Cameroun ní kékeré agbára ẹṣin 15 kan mọ́ ọn, tí yóò sùn nínú ọkọ̀ títí di ọjọ́ wàhálà. Àwọn kan nínú wa ní ìyẹn ti pọ̀ jù. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀.

A tún bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa dé ọ́fíìsì MIDEPECAM, ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà fún àwa apẹja kékeré, àti ọ̀dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹran ọ̀sìn àti ẹja. Bí a bá lọ fúnra wa, ẹnu ọ̀nà la ti ń yí padà, torí a kò gbọ́ Faransé dáadáa, wọ́n sì kọ́kọ́ ń béèrè ìwé ìgbélùú. Láti ọdún 1963 ni Nàìjíríà àti Cameroon ti jọ fọwọ́ sí ìwé lórí wíwọlé àti jíjáde àwọn ọmọ ìlú méjèèjì. Àwọn bàbá wa láti Ugbó àti Màhìn ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ti ń na àwọ̀n sí etíkun yìí kí ọ̀pọ̀ wa tó dé ayé. Ẹ ní ẹni mímọ̀ lọ́dọ̀ aṣojú Nàìjíríà ní ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ yín kan ju ìwé mẹ́wàá tiwa lọ.

A kò fẹ́ gbé e lọ ilé ẹjọ́, a kò sì fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni, àwọn ọmọ rẹ̀ àti tiwa jọ ń lọ ilé ìwé. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ sọ sí wa, kí ó sọ ọ́ lójú wa. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí inú ń bí, tí wọ́n ní kí a tú ẹ̀ńjìnnì náà sọ́wọ́ òkun, kí a pa gbèsè náà rẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà inú wa ti dá wọn lẹ́kun.

Bí ẹ bá lè dá ọjọ́ fún wa kí òjò oṣù keje tó wọlé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló rọ̀ wá lọ́rùn, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í jáde lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọ̀n ti ṣẹlẹ̀, ọmọ akọ̀wé wa tó wà ní ilé ìwé gíga ti ń kọ iye apẹ̀rẹ̀ tí a ń já sílẹ̀, àti iye tí wọ́n fún wa lórí rẹ̀, lójoojúmọ́. A ó mú ìwé náà dání.

Àwa ni, ọmọ yín tòótọ́,

Akọ̀wé, fún àwọn apẹja Ìlàjẹ àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní Youpwè, Douala.