Èèpo Igi Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Yorùbá ní ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí fìrí lè rò pé ìtùnú fún tálákà lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òwe náà tọ́ka sí dáadáa. Èèpo igi kọ́ ni ọjà aṣẹ́gità, igi ni. Èèpo ni ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí àáké bá ń ṣiṣẹ́, tí oníbàárà kankan kò ní san kọ́bọ̀ lé lórí. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó ti dáná igi rí ló mọ̀ pé èèpo gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ gbiná kí ìtì igi tó gbà. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé aṣẹ́gità mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń ṣà á jọ. Aṣẹ́gità kò fi bẹ́ẹ̀ sí ní Ṣómólú, ní Èkó, mọ́, àmọ́ òwe náà ṣì ń gbé ibẹ̀. Ní òpópónà Shipeolu àti àyíká rẹ̀, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú, etí bébà tí ẹ̀rọ gé kúrò kì í ṣe ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ á dì í pọ̀, á sọ ọ́ di jọ́tà. Èrò tèmi ni pé inú irú ìgékù bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ayọ̀ wa wà, àti pé ẹni tó ń náání rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ti gba kámú.

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ ní Bàrígà tó múlé ti Ṣómólú. Búrẹ́dì Agége tó ṣì ń gbóná, pẹ̀lú ẹ̀wà àgànyìn tí òórùn ata díndín rẹ̀ ti ń ta síni nímú kí a tó dé ìdí ìkòkò. Atẹ́gùn ọ̀sà tó ń fẹ́ wọ etí omi bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí afárá Third Mainland nà gbọọrọ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn ọmọ tó fi òkúta méjì ṣe ojú ilé bọ́ọ̀lù láàárín àdúgbò. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́” láti ẹnu ẹni tó mọ ilé yín. A kì í ka ìkankan nínú ìwọ̀nyí mọ́ ọrọ̀. Ohun tí àwọn àgọ́ tẹ́tẹ́ Bàbá Ìjẹ̀bú ń ṣèlérí yàtọ̀: pé lọ́jọ́ kan nọ́ńbà yóò jáde, ayé yóò sì wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1978, Philip Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn èèyàn 22 tó jẹ owó ńlá nínú lọ́tìrì. Wọ́n bi wọ́n léèrè bí àwọn nǹkan kéékèèké ṣe ń dùn mọ́ wọn tó: bíbá ọ̀rẹ́ tàkúrọ̀sọ, jíjẹ oúnjẹ àárọ̀, gbígbọ́ ẹ̀fẹ̀ tó pani lẹ́rìn-ín. Adùn tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kéré sí ti àwọn tí kò jẹ nǹkan kan, inú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn ju ti àwọn yẹn lọ. Èèyàn 22 kò pọ̀, n kò sì ní gbé gbogbo ẹjọ́ lé wọn lórí. Àmọ́ ohun tí wọ́n sọ bá òwe wa mu gan-an: ìtì igi ńlá dé, ó bo èèpo mọ́lẹ̀, iná wá ṣòroó dá.

Ẹnì kan yóò ní, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí olówó fi ń pa tálákà lẹ́nu mọ́ nìyí? Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ àti owó búrẹ́dì ti gòkè débi pé èèpo gan-an fẹ́ di ọ̀wọ́n. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì wúwo. Ẹ jẹ́ ká fi ìwádìí méjì nípa ayọ̀ wò ó. Nígbà tí èsì World Values Survey jáde ní 2003, Nàìjíríà ló ṣíwájú gbogbo orílẹ̀-èdè tí wọ́n wádìí nínú iye àwọn tó ní inú àwọn dùn gan-an. World Happiness Report, tó ti ń jáde láti 2012, ní tirẹ̀ ń ní kí èèyàn sọ ibi tí ayé rẹ̀ wà lórí àkàbà tó ga dé ipele 10. Finland ló ń gba ipò kìíní níbẹ̀ láti 2018, Nàìjíríà sì jìnnà sẹ́yìn. Àwọn kan rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì ń parọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó mọ̀ dájú pé ìsàlẹ̀ àkàbà ni òun dúró sí lè jẹ ẹ̀wà lálẹ́ kó dùn mọ́ ọn dọ́kàn. Adùn ẹ̀wà kì í ṣe ẹ̀rí pé ìlú dára, bẹ́ẹ̀ ni ìnira ìlú kò sọ adùn náà di irọ́. Ẹ gbọ́ igbe “Up NEPA!” tí tọmọdé tàgbà máa ń ké bí iná bá dé. Orúkọ NEPA, ilé-iṣẹ́ mànàmáná ìjọba, ti kúrò lórí ìwé láti 2005, wọ́n sì ti ta iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn aládàáni ní 2013, síbẹ̀ igbe náà kò yí padà. Ayọ̀ òtítọ́ ni. Ó ba ni lọ́kàn jẹ́ pé iná ni à ń yọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ké igbe yẹn náà ló ń bínú sí bíìlì àfojúdá, tí wọ́n ń kó ara wọn jọ lọ fẹjọ́ sùn. Òwe kò sọ pé kí ọmọ aṣẹ́gità gba èèpo dípò owó igi bàbá rẹ̀. Ẹni tí kò náání nǹkan gan-an ni wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó má tilẹ̀ fura.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tí kò gbé Bàrígà ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé jàǹdùkú nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣẹ́gun Adéfilà, òṣèré orí ìtàgé, kò fi ojú yẹn wò ó. Ó dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní 1996, Bàrígà sì ni ẹgbẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí, tí wọ́n ń fi ijó, orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu ojú pópó ṣe eré. Ohun tí àwọn ará ìta kà sí ariwo lásán, wọ́n gbé e dé orí ìtàgé.

Ó yẹ kí àwọn káńsù Ṣómólú àti Bàrígà náà ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ilé fún mọ́ra níbẹ̀, ilẹ̀ tó ṣófo kò pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fẹ ọ̀nà, kí wọ́n sọ ibi tí ẹlẹ́wà yóò gbé ìkòkò rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn ọmọ yóò lọ. Kí wọ́n sì kó pàǹtírí kúrò létí ọ̀sà kí atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ má di òórùn. Ẹni tó bá ń lọ sí ìpàdé àdúgbò, kó mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀dà àti gọ́tà, kó sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.