Òfin Oníṣègùn Jámánì Tó Àtúnyẹ̀wò

Ní Berlin àti Hamburg, ẹni tí kì í ṣe dókítà kò gbọdọ̀ dá aláìsàn tọ́jú láìgba ìwé àṣẹ Heilpraktiker. Arúfin lè san owó ìtanràn, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan. Ìjọba Nazi ló ṣe òfin náà ní 1939, kí irú àwọn oníṣègùn bẹ́ẹ̀ lè tán nílẹ̀. Wọn kò tán; òfin náà sì wà síbẹ̀.

Mo fara mọ́ ìdánwò rẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ àìsàn tó kọjá agbára àgbo lè pa ni. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ yẹn kò jẹ́rìí pé èèyàn mọ ewé. Kí àwọn aṣòfin máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu àwa elégbòogi. Títí dìgbà náà, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó tọ́jú ẹnikẹ́ni.