Bí Òkété Bá Dàgbà, Ọmú Ọmọ Rẹ̀ Ní Í Mu

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbèsè ni òwe yìí ń sọ. Ìyá ti tọ́ ọmọ, ọmọ ti tójú bọ́, ó wá kàn án láti tọ́jú ìyá. Ọmọ tó ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ yangàn lágbo, tí kò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ nílé, kò tíì san kọ́bọ̀ nínú gbèsè náà.

Ẹ̀yin ará Festac Town, òwe yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, tó wáyé ní Èkó láti 15 oṣù Ṣẹẹrẹ títí di 12 oṣù Èrèlé 1977, ló bí àdúgbò yín. Torí àwọn àlejò ọdún náà ni ìjọba ṣe kọ́ ilé síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kó wọlé. Ojú obìnrin ni wọ́n fi ṣe àmì ọdún ọ̀hún: ojú Idia, ìyá Ọba Esigie ti Ìbìní. Erhabor Emokpae ló ya àmì náà.

Ẹ wo ère tí wọ́n ti mú ojú yẹn dáadáa. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, gígùn rẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà kan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dúró lóòró níwájú orí rẹ̀, orí àwọn Potogí onírùngbọ̀n sì tò yí adé rẹ̀ ká. Ìtàn Ìbìní sọ pé nígbà tí Esigie àti Arhuaran, ọmọ bàbá rẹ̀, ń du oyè, àti nígbà tí ogun Ìdàh dé, Idia ló dúró ti ọmọ rẹ̀ gbágbágbá. Esigie kò fi ẹnu lásán dúpẹ́. Ó fi ìyá rẹ̀ jẹ Ìyọba, ẹni àkọ́kọ́ tí yóò jẹ oyè náà, ó sì fún un ní ààfin tirẹ̀ ní Uselu. Òkété dàgbà, ó sì rí ọmú ọmọ mu.

Àwa ńkọ́? Lọ́dún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ìbìní ní ìkógun, ère Idia sì bá a lọ. British Museum ní London ló wà títí di òní. Nàìjíríà tọrọ rẹ̀ fún FESTAC, wọn kò gbé e wá, àwòṣe rẹ̀ la fi ṣọdún. Ó tọ́ kí á máa bèèrè rẹ̀ títí yóò fi wọlé. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà tí London kọ́ ló jẹ ẹ́. Ọrùn wa ló wà: gbèsè tí a jẹ àwọn obìnrin wa.

Àwọn Faransé náà jẹ irú rẹ̀. Láti 1792 ni wọ́n ti fi àwòrán obìnrin, Marianne, ṣe ojú orílẹ̀-èdè wọn. Ère rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngán ìlú, àwòrán rẹ̀ wà lára sítáǹpù. Síbẹ̀, ó di 1944 kí obìnrin ilẹ̀ Faransé tó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Níbí, ọdún 1976, tó ku ọdún kan kí a ṣe FESTAC, ni àwọn obìnrin Àríwá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀tọ́ yẹn. Láti 1999, nínú ìpínlẹ̀ 36, a kò tíì dìbò yan obìnrin kan ṣoṣo sípò gómìnà. A gbé ojú ìyá sókè, a fi ọmọ rẹ̀ obìnrin sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Obìnrin tó ń jí lọ sọ́jà Agboju láàárọ̀, tó ń fi èrè ọjà san owó ilé ìwé ọmọ, ọmọ Idia ni. Bí ẹgbẹ́ onílé bá ń yan alága, bí ẹgbẹ́ òṣèlú ní Amuwo-Odofin bá ń fa kánsẹ́lọ̀ kalẹ̀, ẹ má pè é fún ìdáná nìkan. Ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní àṣẹ. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín ẹni tí Idia jẹ́, kí ẹ sì san gbèsè rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà láàyè.